Kíndìnrín Àlejò: Wíwá Oògùn Tí Kò Ní Pa Ẹni Tí Ó Ń Gbà Là

Nígbà tí kíndìnrín méjèèjì bá daṣẹ́ sílẹ̀ lára ènìyàn, ọ̀nà mẹ́ta péré ni ó kù níwájú rẹ̀: kí ó máa lọ sí ibi ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kí ó rí ẹni tí yóò fún un ní kíndìnrín kan, tàbí kí ó kú. Ọ̀nà kejì ni ó sàn jù fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, nítorí pé ẹni tí kíndìnrín tuntun bá gbà lára rẹ̀ a máa jẹun, a máa ṣiṣẹ́, a sì máa rìnrìn àjò bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀bẹ ni ìṣòro ọ̀nà náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Alexis Carrel, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti fi hàn bí a ṣe ń rán iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò sì ní jò, wọ́n sì fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá ní ọdún 1912. Ìgbà tí wọ́n bá rán ojú ọgbẹ́ tán ni ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀. Ara tí ó ń kú lọ nítorí àìní kíndìnrín ni yóò tún gbógun ti kíndìnrín tí wọ́n fi fẹ́ gbà á là, tí yóò sì pa á.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ òǹwòran lógún ni pé, kí ni ó fa irú ìwà bẹ́ẹ̀? Ní ayé àtijọ́, ilà ojú ni a fi ń mọ ọmọ ìlú kan yàtọ̀ sí ọmọ ìlú mìíràn. Ẹni tí ó kọ àbàjà kò lè sọ fún oníbodè pé Oǹdó ni wọ́n bí òun sí. Irú ilà bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó para pọ̀ di ara ènìyàn. Èròjà kéékèèké ni wọ́n, ojú lásán kò lè rí wọn, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún wọn, wọ́n sì yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ń rìn kiri bí ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú lóru. Ẹ̀yà kan nínú wọn wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T, iṣẹ́ tiwọn sì ni láti yẹ ilà gbogbo ohun tí wọ́n bá bá pàdé wò. Bí wọ́n bá rí ilà tí wọn kò mọ̀, wọn a ké sí ẹgbẹ́ wọn, ogun a sì bẹ̀rẹ̀. Nítorí kòkòrò àrùn ni ara ṣe ní ọdẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ náà kò ní òye tí yóò fi mọ̀ pé àlejò kan wá ṣoore ni. Ilà ojú ni ó ń wò, kò wo inú.

Ogun àgbáyé kejì ni ó mú kí wọ́n rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ òfuurufú ni iná jó nígbà náà, awọ ara tiwọn kò sì tó láti bo ojú ọgbẹ́. Peter Medawar, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Bràsíl ní ọdún 1915 tí ó sì kàwé ní Oxford, lọ bá oníṣẹ́ abẹ kan tí ń jẹ́ Thomas Gibson ní Glasgow. Wọ́n tọ́jú obìnrin kan tí iná jó, wọ́n sì gé awọ lára arákùnrin rẹ̀ wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ojú egbò rẹ̀. Awọ náà kọ́kọ́ gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe, ó jẹrà, ó sì ṣí dànù. Wọ́n tún gé òmíràn lára arákùnrin kan náà. Èyí kò tilẹ̀ pẹ́ tó ti àkọ́kọ́ rárá kí ó tó bàjẹ́. Àbájáde yìí, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1943, fi hàn pé kì í ṣe pé awọ àjèjì kàn ń kú fúnra rẹ̀: ara ni ó ń pa á, ara a sì máa rántí ọ̀tá tí ó ti bá jà rí. Medawar àti Frank Macfarlane Burnet ará Ọsirélíà ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1960 nítorí ìmọ̀ tí ó ti inú irú iṣẹ́ yìí jáde.

Bí ilà bá jẹ́ ọ̀kan náà, ogun kò sí. Èyí ni ó mú kí iṣẹ́ abẹ tí Joseph Murray ṣe ní Boston ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954 yọrí sí rere. Ìbejì ni Richard Herrick àti Ronald Herrick, irú èyí tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì. Ronald fún Richard ní kíndìnrín kan, ara Richard sì gbà á bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ó lo ọdún mẹ́jọ sí i láyé. Ayọ̀ ńlá ni, àmọ́ ta ni ó ní ìbejì bẹ́ẹ̀? Àwọn Yorùbá, tí ìbejì pọ̀ láàrin wọn ju gbogbo ẹ̀yà ayé lọ, kò rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀, nítorí ẹyin méjì ni ó ń bí ọ̀pọ̀ jù lọ Táíwò àti Kẹ́hìndé ilẹ̀ yìí, ilà wọn kò sì ju ti ọmọ ìyá kan lásán lọ.

Fún gbogbo àwọn yòókù, ó di dandan kí a wá ohun tí yóò mú kí ọdẹ inú ẹ̀jẹ̀ dẹwọ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò ni ìtànṣán líle tí wọ́n tàn sí gbogbo ara aláìsàn títí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ fi kú. Kíndìnrín kò rí ẹni bá a jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn náà kò rí ẹni bá wọn jà, àwọn aláìsàn sì ń kú léra wọn. Àwọn àgbà sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní ọdún 1959, Robert Schwartz àti William Dameshek ní Boston fi hàn pé oògùn kan tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, 6-mercaptopurine, lè mú kí ara ehoro má jà mọ́ ohun àjèjì kan. Ọ̀dọ́mọdé oníṣẹ́ abẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Roy Calne, ka ìwádìí náà, ó sì dán an wò lára àwọn ajá tí ó pààrọ̀ kíndìnrín fún. Lẹ́yìn náà ni ó kọjá sí Boston lọ́dọ̀ Murray, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lo ọmọ ìyá oògùn náà, azathioprine, tí Gertrude Elion àti George Hitchings ṣe. Ní ọdún 1962 ni wọ́n fi í pa kíndìnrín òkú mọ́ lára alààyè fún ohun tí ó lé ní ọdún kan, fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọgbọ́n tí azathioprine ń lò rọrùn láti yé ènìyàn. Bí ogun bá dé, sẹ́ẹ̀lì T kan ṣoṣo a máa pín di méjì, méjì a di mẹ́rin, títí wọn yóò fi di ẹgbàágbèje. Gbogbo ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín ni ó gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà ìwé àbùdá tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì nílò èròjà bí bíríkì láti fi kọ́ ọ. Ayédèrú bíríkì ni oògùn náà. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá mú un kò lè kọ́lé náà parí. Àléébù ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ọdẹ nìkan ni ó ń kọ́lé nínú ara: inú ọ̀rá egungun ni ẹ̀jẹ̀ tuntun ti ń jáde lójoojúmọ́, oògùn náà sì ń dí ibẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí ó di ọdún 1963, Thomas Starzl ní Denver fi prednisone tì í, èyí tí ó jẹ́ oògùn sítẹ́rọ́ìdì, àbájáde iṣẹ́ abẹ kíndìnrín sì sunwọ̀n sí i gan-an. Ṣùgbọ́n sítẹ́rọ́ìdì púpọ̀ a máa mú ojú wú róbótó, a máa sọ egungun di ẹlẹgẹ́, a máa fa àtọ̀gbẹ, kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé dàgbà bí ó ti yẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n gbà là ní àkókò náà ni ó gbé àmì rẹ̀ kiri títí wọ́n fi di àgbà.

Iye tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn hàn sí gbogbo ayé ní Cape Town. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967, Christiaan Barnard mú ọkàn obìnrin kan tí ọkọ̀ pa, ó fi sí àyà Louis Washkansky ní ilé ìwòsàn Groote Schuur. Ìwé ìròyìn gbogbo kún fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ 18, Washkansky kú. Ọkàn náà ṣì ń lù dáadáa. Àrùn òtútù àyà ni ó pa á, nítorí pé oògùn tí wọ́n fún un kí ara rẹ̀ má baà kọ ọkàn náà ti tú gbogbo ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ká. Ní ọdún 1968 ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọkàn tí àwọn oníṣẹ́ abẹ pààrọ̀ káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláìsàn náà ni kò sì pẹ́ kú. Ilé ìwòsàn kan tẹ̀ lé òmíràn láti dá iṣẹ́ náà dúró, àfi díẹ̀ bí èyí tí Norman Shumway wà ní Stanford.

Inú iyẹ̀pẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Ilé-iṣẹ́ Sandoz ní ìlú Basel, ilẹ̀ Swítsàlandì, a máa rọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé bí wọ́n bá lọ sí ìsinmi ní ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bọ̀ nínú àpò, nítorí pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ń gbé inú ilẹ̀ a máa pèsè èròjà tí ó lè pa kòkòrò àrùn. Ní ọdún 1969 ni wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ kan wá láti orí òkè Hardangervidda ní ilẹ̀ Nọ́wè. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun kan tí ó jẹ́ ìbátan èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti pẹ́. Orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí báyìí ni Tolypocladium inflatum. Èròjà rẹ̀ kò pa kòkòrò púpọ̀, bí ẹlòmíràn bá sì ni, ibi tí wọn ìbá ti dà á nù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Sandoz, wọ́n ní àṣà kan pé kí wọ́n yẹ èròjà tuntun wò fún oríṣiríṣi iṣẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1972, nínú yàrá ìwádìí tí Hartmann Stähelin àti Jean-François Borel ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n rí i pé eku tí ó gba èròjà náà kò lè gbé ogun dìde sí ohun àjèjì mọ́, síbẹ̀ ọ̀rá egungun rẹ̀ kò ní nǹkan kan ṣe. Títí di òní ni àríyànjiyàn wà lórí èwo nínú àwọn méjèèjì ni ìyìn náà tọ́ sí jù. Ó dájú pé Borel ni ó kọ ìwé tí ó kéde rẹ̀ fún ayé ní ọdún 1976. Wọ́n sọ ọ́ ní cyclosporine.

Ìṣòro mìíràn yọjú: oògùn náà kò yòrò nínú omi. Nígbà tí wọ́n fi í sínú ike fún àwọn kan láti gbé mì, kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Borel fúnra rẹ̀ pò ó mọ́ ọtí líle, ó gbé e mu, ọtí náà pa á díẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn náà hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní Cambridge, níbi tí Calne ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, Alkis Kostakis ará Gíríìsì tí ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pò ó mọ́ òróró ólífì fún àwọn eku tí ó gbin ọkàn sí lára, ọkàn náà sì pẹ́ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Ní ọdún 1978 ni Calne bẹ̀rẹ̀ sí lò ó fún ènìyàn.

Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fara balẹ̀ wo bí cyclosporine ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ àti ìpalára rẹ̀ ti jọ ń wá. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì T bá rí ilà àjèjì, èròjà kan nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ calcineurin a ṣí ìlẹ̀kùn fún iṣẹ́ kan: sẹ́ẹ̀lì náà a bẹ̀rẹ̀ sí pèsè interleukin-2, èyí tí ó dà bí ìlù ogun tí gbogbo ẹgbẹ́ ń gbọ́ kí wọ́n tó jáde. Cyclosporine a fara mọ́ èròjà mìíràn nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn méjèèjì a sì jọ jókòó lé calcineurin lórí. Ọdẹ rí àlejò, ó la ẹnu, ìlù kò dún. Kò kú, kò sì fara pa. Bí wọ́n bá dá oògùn dúró, yóò tún lu ìlù rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èyí àti ìtànṣán tí ń pa gbogbo ọdẹ run kì í ṣe kékeré. Kí oògùn yìí tó dé, nǹkan bí ìdajì kíndìnrín òkú tí wọ́n gbìn ni ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan. Lẹ́yìn tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 1983, ó súnmọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìpààrọ̀ ọkàn tí wọ́n ti pa tì jí dìde, ti ẹ̀dọ̀ di ohun tí oníṣègùn lè gba aláìsàn nímọ̀ràn láti ṣe láìsí ẹ̀rù púpọ̀.

Ṣùgbọ́n calcineurin kò sí nínú ọdẹ nìkan. Ó wà nínú kíndìnrín pẹ̀lú. Lára àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ tí Calne tọ́jú ni wọ́n ti rí ohun tí wọn kò rí lára eku àti ajá: kíndìnrín wọn ń rẹ̀ ẹ́. Cyclosporine a máa mú kí àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú kíndìnrín fún pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ a dín, ẹ̀jẹ̀ ríru a dé, bí ó bá sì di ọ̀pọ̀ ọdún, inú kíndìnrín a bẹ̀rẹ̀ sí le bí ojú àpá. Oògùn tí ń dáàbò bo kíndìnrín ni ó ń sọ ọ́ di ahẹrẹpẹ. Ìdààmú tí èyí kó bá oníṣègùn pọ̀. Bí kíndìnrín tuntun bá ń fà sẹ́yìn, ó lè jẹ́ pé ara ń kọ̀ ọ́, nígbà náà oògùn gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ó sì lè jẹ́ pé oògùn ni ó ń bà á jẹ́, nígbà náà oògùn gbọ́dọ̀ dín kù. Àmì àìsàn méjèèjì jọra. Ẹni tí ó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa kíndìnrín náà. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń fi abẹ́rẹ́ gé ẹran tíntín lára kíndìnrín láti wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi, tí wọ́n sì ń wọn oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà.

Ẹni tí ó fi iye sí ìpalára náà ní gbangba ni Akinlolu Ojo, oníṣègùn kíndìnrín tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí orírun rẹ̀ wà. Ní Yunifásítì Michigan ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 69,321 ní Amẹ́ríkà wò, àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn, ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ìfun fún láàrin ọdún 1990 sí 2000. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún. Síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2003 ti wí, mẹ́rìndínlógún ó lé nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kíndìnrín wọn bàjẹ́. Kì í ṣe oògùn nìkan ni ó fà á, nítorí pé àwọn kan ti ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìpín tí oògùn kó nínú rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí wọ́n gba ọkàn rẹ̀ là ni ó tún ń tò sórí ìlà àwọn tí ń wá kíndìnrín.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn sì ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Ní ọdún 1984, àwọn ará Jàpáànì ní ilé-iṣẹ́ Fujisawa rí èyí tí a wá mọ̀ sí tacrolimus nínú iyẹ̀pẹ̀ agbègbè Tsukuba. Starzl, tí ó ti kọjá sí Pittsburgh, bẹ̀rẹ̀ sí lò ó fún ènìyàn ní ọdún 1989. Ó lágbára ju cyclosporine lọ, kì í hu irun sí ojú obìnrin bí ti ìyẹn. Ṣùgbọ́n calcineurin kan náà ni ó ń jókòó lé, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ó sì ń fa àtọ̀gbẹ ju èkíní lọ. Ti rapamycin yàtọ̀. Erékùṣù Rapa Nui, tí ó jìnnà réré sí ilẹ̀ Ṣílè, ni àwọn ará Kánádà ti bu iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1964. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí Suren Sehgal ń bá ṣiṣẹ́ ní Montreal ti yàrá ìwádìí náà pa, ó di ohun tí ó rí níbẹ̀, ó gbé e lọ sílé, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ amóhuntutù ilé rẹ̀ fún ọdún díẹ̀ títí àwọn ọ̀gá tuntun fi gbà kí ó tẹ̀síwájú. Wọ́n fọwọ́ sí i fún kíndìnrín ní ọdún 1999. Kì í fún iṣan kíndìnrín pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dá ojú ọgbẹ́ dúró kí ó má tètè jinná, ó sì ń fi ọ̀rá kún ẹ̀jẹ̀. Mycophenolate, tí ó dé ní ọdún 1995, gba ipò azathioprine ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn; aboyún kò gbọdọ̀ lò ó.

Nígbà tí oògùn pọ̀ tó báyìí, ẹ̀kọ́ kan tí ó wúlò jù ni pé kí wọ́n lo èyí tí ń pani lára níwọ̀n kékeré, kí wọ́n sì fi òmíràn tì í. Ìwádìí kan lára aláìsàn 1,645, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, fi hàn pé tacrolimus kékeré pẹ̀lú mycophenolate àti sítẹ́rọ́ìdì pa kíndìnrín mọ́ ju cyclosporine ìwọ̀n àtijọ́ lọ. Kò sí oògùn tuntun kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣe fún àwọn aláìsàn ohun tí ọ̀pọ̀ oògùn tuntun kò ṣe.

Oògùn tí ó kọ́kọ́ fi calcineurin sílẹ̀ pátápátá tí ó sì kẹ́sẹ járí ni belatacept. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé rírí ilà àjèjì nìkan kò tó fún sẹ́ẹ̀lì T láti jagun. Ó gbọ́dọ̀ gba àmì kejì, bí ìgbà tí balógun kò lè jáde àfi bí ọba bá fi ọ̀pá àṣẹ ránṣẹ́ sí i. Belatacept a bo ojú ibi tí àmì kejì ti ń wá. Sẹ́ẹ̀lì T a rí àlejò, kò ní rí ọ̀pá àṣẹ, yóò sì jókòó. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ara sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣiṣẹ́ ìṣọ́ ni irú àmì bẹ́ẹ̀ wà, oògùn náà kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú iṣan kíndìnrín. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 2011. Nígbà tí ọdún méje pé, nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016, ewu pé aláìsàn yóò kú tàbí kí kíndìnrín rẹ̀ bàjẹ́ fi 43 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí ń lo cyclosporine. Ìwọ̀n iṣẹ́ kíndìnrín tiwọn wà ní òkè 70, ti àwọn yòókù wà ní nǹkan bí 45.

Kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, ó yẹ kí ó wo ẹ̀yìn ìwé náà. Ní ọdún àkọ́kọ́, ara aláìsàn 17 sí 22 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń lo belatacept gbìyànjú láti kọ kíndìnrín náà, nígbà tí ó jẹ́ 7 lọ́dọ̀ àwọn tí ń lo cyclosporine. Lára àwọn tí kòkòrò Epstein-Barr kò tíì wọ ara wọn rí, jẹjẹrẹ inú sẹ́ẹ̀lì funfun ṣẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kà á léèwọ̀ fún wọn. (Ní ilẹ̀ Áfríkà, ìgbà èwe ni kòkòrò náà ti ń wọ ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà èèwọ̀ yìí kò ní kan àgbàlagbà púpọ̀ níbẹ̀.) Cyclosporine ni wọ́n sì fi wé, kì í ṣe tacrolimus tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti ń lò nígbà náà, ìfiwéra náà ìbá ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí lóṣooṣù ní ilé ìwòsàn, ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà yóò rí wàhálà. Ọ̀nà mìíràn tí ó jọ èyí, tí wọ́n fẹ́ fi dí àmì tí ń jẹ́ CD40L, dára lára ọ̀bọ. Nígbà tí ó dé ara ènìyàn ní ọdún 1999, ẹ̀jẹ̀ àwọn kan ń dì nínú iṣan, wọ́n sì dá a dúró kíá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tún èròjà náà ṣe lọ́nà tí kò fi ní máa di ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ń dán an wò padà.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n oògùn kan àwọn ènìyàn dúdú ní ọ̀nà tí ó ṣe pàtàkì. Nínú ìfun àti ẹ̀dọ̀ ni èròjà kan wà tí ń jẹ́ CYP3A5, tí ń tú tacrolimus palẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ òyìnbó, àbùdá rẹ̀ ti kú, kò ṣiṣẹ́. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ Áfríkà, ó ń ṣiṣẹ́. Ó hàn bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà ní Ìbàdàn fún iṣẹ́ àgbáyé HapMap, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2005. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwọ̀n oògùn tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún òyìnbó lè kéré jù fún ọmọ Yorùbá, ara rẹ̀ yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ kíndìnrín náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ oògùn gbé jáde ní ọdún 2015 sọ pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlọ́po kan ààbọ̀ sí ìlọ́po méjì. Oògùn kan náà, ohun tí ó jẹ́ ewu fún ẹnì kan nítorí pé ó pọ̀ ni ó jẹ́ ewu fún ẹlòmíràn nítorí pé kò tó.

Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín ní ọdún 2000. Ilé-Ifẹ̀ tẹ̀ lé e ní ọdún 2002. Apá àwọn oníṣẹ́ abẹ ká iṣẹ́ náà. Ohun tí ń pa kíndìnrín lẹ́yìn rẹ̀ ni owó oògùn, tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ń san láti àpò ara wọn lóṣooṣù, láìsí òpin. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tán a máa fo ọjọ́ kan, a fo méjì, ọdẹ inú ẹ̀jẹ̀ a sì jí. Ikọ́ ìfe tún wà níbẹ̀, èyí tí ń rí àyè wọlé nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ara bá rẹlẹ̀. Rifampicin tí wọ́n fi ń wò ó a máa mú kí ẹ̀dọ̀ tú cyclosporine àti tacrolimus ká tó bẹ́ẹ̀ tí díẹ̀ péré yóò fi kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ketoconazole ní tirẹ̀ a máa dá ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kọ́, oògùn a sì pẹ́ nínú ara. Àwọn oníṣègùn kan ní àwọn ilẹ̀ tí owó kò sí ti mọ̀ọ́mọ̀ lo ọgbọ́n yìí kí oògùn díẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Àgbo tí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí náà ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún aláìsàn pé kí ó jẹ́wọ́ ohun tí ó bá mu fún oníṣègùn rẹ̀.

Oògùn tí kò léwu rárá ni kí oògùn má sí. Medawar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Rupert Billingham àti Leslie Brent, ti fi hàn ní ọdún 1953 pé eku tí ó gba sẹ́ẹ̀lì eku mìíràn nígbà tí ó ṣì wà nínú oyún a máa gba awọ eku náà láìjà bí ó bá dàgbà. Ní Boston, àwọn oníṣègùn gbin ọ̀rá egungun pẹ̀lú kíndìnrín láti ara ẹnì kan náà, kí àwọn ọdẹ tí yóò hù lẹ́yìn náà lè mọ ilà méjèèjì sí ti ilé. Nínú àwọn márùn-ún tí wọ́n ròyìn ní ọdún 2008, mẹ́rin pa gbogbo oògùn tì, kíndìnrín wọn sì ń ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ àwọn kan tún padà sídìí oògùn nígbà tí ọdún gorí ọdún. Àwọn mìíràn ń wo ọ̀dọ̀ ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì T kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pẹ̀tù sí ìjà, bí àgbà tí ń là wọ́n láàrin agboolé. Shimon Sakaguchi ará Jàpáànì, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel nítorí ìmọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2025. Wọ́n ń bọ́ àwọn onílàjà wọ̀nyí nínú yàrá ìwádìí títí wọn yóò fi pọ̀, wọ́n sì ń dá wọn padà sí ara aláìsàn. Interleukin-2 ni ó ń mú àwọn onílàjà náà wà láàyè, ìlù tí cyclosporine àti tacrolimus ń pa lẹ́nu mọ́. Oògùn tí ń dá ogun dúró ni ó ń fi ebi pa àwọn tí ìbá parí rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí fẹ́ràn rapamycin. Ọ̀nà ti Boston sì ń fẹ́ ìmúrasílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ, èyí tí ó rọrùn nígbà tí olùtọrẹ bá jẹ́ alààyè. Ọkàn tí wọ́n yọ lára òkú kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, wákàtí díẹ̀ ni ó ní. Ẹni tí ó bá sì gbà á lónìí, tacrolimus ni yóò mú dání lọ sílé.